Ìṣẹ́jú 15 Yẹn, Oṣù Kẹsàn-án La Ti Ń Wá A

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá àgbà tí ẹ ń bá wa mú ọmọ lọ sílé ìwé nígbà tí àwa ti wà nínú bọ́ọ̀sì tí à ń lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí sọ lórí àfikún àkókò nínú ìdánwò fún ọmọ tí ìwé kíkà máa ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ní Sátidé tó kọjá nínú họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù nìyí, àwọn tó wà ní ṣíífù lọ́jọ́ náà ló ní kí n jọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn náà lè rí i kà. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, mo kàn fi ìbéèrè táwọn èèyàn bi mí lẹ́yìn rẹ̀ kún un ni.

Ẹni tí ò bá mọ̀ mí, iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe n'Íbàdàn kí n tó wá síbí, Pírámárì 4 ni mo ń kọ́. Nígbà tí mo dé ibí, iṣẹ́ TA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ tíṣà nínú kíláàsì, ni mo rí, ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ tí ìwé kíkà máa ń pẹ́ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ní kí n máa jókòó sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà dòní. Nílé nígbà yẹn, tí aago bá ti lù, a ó ní "Pens up!", gbogbo ọmọ á gbé bírò sókè, ẹni tó bá ti parí ló gbọ́n, ẹni tí ò parí, olódo ni. Èmi fúnra mi ti pe ọmọ ní olódo rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó dùn mí títí di báyìí, torí mo wá mọ̀ pé àwọn kan wà nínú àwọn ọmọ yẹn tó jẹ́ pé ìdáhùn wà lórí wọn, ọwọ́ ni ò tètè gbé e jáde, àbí ojú ni ò tètè gba ọ̀rọ̀ inú pépà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀. Ìdánwò tí mò ń sọ ni SATs, èyí tí àwọn ọmọ Year 6 máa ń ṣe ní England ní oṣù karùn-ún, ọmọ ọdún 10 sí 11 ni wọ́n nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè. Mọ́ńdè ni gírámà àti sípẹ́lì, gírámà yẹn ìṣẹ́jú 45. Túsìdeè ni reading, wákàtí kan gbáko. Wẹ́sìdeè ni ìṣirò méjì, àkọ́kọ́ ìṣẹ́jú 30, ìkejì 40, ìkẹta á wá wà ní Tọ́sìdeè, òun náà ìṣẹ́jú 40. Nínú gbogbo rẹ̀, reading yẹn ló ń pa ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ò yá jù, torí wọ́n á fún wọn ní ìwé kékeré kan tí àròkọ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, èyí tó rọrùn ló máa ń ṣáájú, èyí tó le ló máa ń kẹ́yìn, ọmọ á ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á sì dáhùn ìbéèrè tí àmì gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50, láàárín wákàtí kan náà. Ọmọ tó bá ń fi ìka tẹ̀lé ìlà, ìtàn kejì ni aago á ti bá a.

Àfikún àkókò tí wọ́n lè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, 25%. Ìyẹn ni pé wákàtí kan á di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú 40 á di 50, ìṣẹ́jú 30 á di 37 àti ààbọ̀. Ẹ lè rò pé kí ni ìṣẹ́jú 15 fẹ́ ṣe. Mo ti jókòó síbẹ̀, mo ti rí ọmọ tó jẹ́ pé inú ìṣẹ́jú 15 yẹn ló ti rí ìtàn kẹta ṣí.

Ta ló wá ń gbà á? Ọmọ tó bá ní EHCP, ìyẹn ìwé tí kánsù máa ń ṣe fún ọmọ tí àìní rẹ̀ pọ̀, ilé ìwé ò nílò láti tọrọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa tó ń lo pépà tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tí wọ́n dìídì ṣe fún un, tàbí ti Braille, wọ́n lè fún òun ní ìlọ́po méjì àkókò. Gbogbo ọmọ yòókù, ilé ìwé ló máa tọrọ fún wọn lórí ìkànnì ìjọba kí oṣù karùn-ún tó dé, wọ́n á dáhùn ìbéèrè nípa bí ọmọ ṣe ń kàwé sí, bí ó ṣe ń kọ̀wé sí, bóyá ọkàn rẹ̀ máa ń dúró sójú kan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o, kì í ṣe pé kí wọ́n kàn dáhùn bẹ́ẹ̀ni bẹ́ẹ̀ni kó tán. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nínú fáìlì ilé ìwé, torí kánsù máa ń rán èèyàn jáde lọ́sẹ̀ ìdánwò yẹn, wọn kì í sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n mú ìwé wá àwọn fẹ́ rí i. Tí wọn ò bá rí ohun tí wọ́n fi fún ọmọ náà ní táìmù, èsì rẹ̀ lè bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí tíṣà tó fẹ́ràn ọmọ yín gan-an ò fi lè ṣàánú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kó ní "jókòó, máa kọ ọ́ lọ".

Òfin kan ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró, tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi ẹ má gbàgbé èyí. Wọ́n ń pè é ní normal classroom practice. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ọmọ ń lò nínú kíláàsì ní gbogbo ìgbà nìkan ni wọ́n lè fún un lọ́jọ́ SATs. Bí ọmọ bá ń gba táìmù sí i nínú tẹ́ẹ̀sì ìparí táàmù, nínú sípẹ́lì Fúráídè, nínú ìṣirò àárọ̀, á rí i gbà ní oṣù karùn-ún. Bí kò bá gbà á rí, tí màmá rẹ̀ wá sáré dé ní oṣù kẹrin pẹ̀lú omijé lójú, kò sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́.

Èmi ni màmá yẹn. Ọmọ mi kejì, nígbà tó wà ní Year 4, tíṣà rẹ̀ pè mí, ó ní ó máa ń pẹ́ kí ọmọ yìí tó kàwé tán o, ṣé ẹ rí i nílé? Mo rí i. Ojú ewé kan tí àbúrò rẹ̀ obìnrin á ti kà tán tá á ti máa ṣeré, òun á ṣì wà ní ìlà karùn-ún, á máa gbé ètè díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní rárá o, ó ń ṣe dáadáa nílé, ó kàn fẹ́ràn eré jù ni, màá bá a wí. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé wọ́n á kọ orúkọ ọmọ mi sínú ìwé kan tí ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, pé ibi tó bá dé wọ́n á máa wò ó bí ẹni tí ò pé, mo sì tún ń rò ó pé kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ mi. Tíṣà gbà mí gbọ́. Ìgbà tó di Year 6 tí mo wá ń bẹ̀bẹ̀ kiri, wọ́n ní kò sí àkọsílẹ̀ kankan, kódà ó wà nínú ìwé wọn pé òbí ní kò sí ìṣòro. Mo bínú sí ilé ìwé yẹn, mo ṣì ń bínú díẹ̀, torí ọdún méjì ni ọmọ fi wà níwájú wọn, kò yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni wọ́n á dúró lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bo egbò mọ́lẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ bá a fi oògùn sí i? Lọ́jọ́ reading, ọmọ náà dé láti ilé ìwé, ó ní "Mummy, mi ò dé ìtàn kẹta." Kò sunkún. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gun òkè lọ.

Ohun tó fà á nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé oṣù kẹsàn-án ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá ṣì wà ní Year 4 tàbí Year 5 ó tún dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń jẹ́ SENCO, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mójú tó àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ò rọrùn fún, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ẹ kọ ìmẹ́èlì sí i, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ní géètì nìkan ṣe é torí ọ̀rọ̀ géètì ò sí nínú fáìlì. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí gan-an, ẹ má lọ sọ pé "ọmọ mi ò dáa nínú ìwé", ẹ sọ pé iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ní ìṣẹ́jú 20 ni, wákàtí kan àti ààbọ̀ ló gbà á, ẹ sọ pé ó máa ń ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ pé ọwọ́ máa ń ro ó tó bá kọ ìdajì ojú ewé. Tí ẹ bá ní ìwé tó ti dá dúró lágbedeméjì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀. Kẹ́ ẹ wá béèrè pé ṣé wọ́n lè máa fún un ní táìmù sí i nínú àwọn tẹ́ẹ̀sì inú kíláàsì láti ìsinsìnyí lọ, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń ṣe é ni pé ọmọ á fi bírò dúdú kọ tẹ́ẹ̀sì títí táìmù gbogbo èèyàn á fi pé, lẹ́yìn náà á mú bírò àwọ̀ mìíràn, á fi kọ ohun tó bá kọ nínú àfikún àkókò. Tí ẹ bá wo pépà náà, ẹ ó rí i kedere. Ọmọ kan wà tó fi bírò dúdú gba 19, tó wá fi èkejì gba 9 sí i. Kò sí ẹni tó lè wo pépà yẹn kó ní ọmọ náà ò mọ̀wé. A tún ti rí i tó jẹ́ pé ọmọ mú bírò kejì tí kò kọ nǹkan kan, ó kàn jókòó tó ń yàwòrán sí ẹ̀gbẹ́ pépà, ìyẹn náà ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, ó ń sọ fún wa pé kì í ṣe táìmù ló ń dà á láàmú.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ nìyẹn, torí àwa òbí, tí a bá ti gbọ́ pé wọ́n ń fún èèyàn ní nǹkan, a ó ní kí wọ́n fún tiwa náà. Táìmù kọ́ ni gbogbo ọmọ nílò. Ọmọbìnrin kan wà tí mo jókòó tì, ara rẹ̀ kì í gbà á kó jókòó pẹ́, tó bá ti tó ìṣẹ́jú 25 báyìí orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ẹ fún irú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí i, ìyà lẹ fi kún ìyà rẹ̀. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni ìsinmi, wọ́n á dá aago dúró, á dìde, á mu omi, á na ẹsẹ̀, kò ní sọ ọ̀rọ̀ ìdánwò, á padà wá jókòó, aago á tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ọmọkùnrin mìíràn wà, òun ní tiẹ̀, ojú fèrèsé ló máa ń wò, ẹyẹ bá kọjá ó ti bá ẹyẹ lọ. Iṣẹ́ tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí n máa fi ìka kan tábìlì jẹ́jẹ́ kó lè padà sórí pépà rẹ̀, mi ò gbọdọ̀ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsinmi yẹn àti ẹni tó ń kan tábìlì yẹn, ilé ìwé ò nílò láti tọrọ wọn lọ́wọ́ ìjọba, àwọn fúnra wọn lè pinnu ẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì ni kó ti máa rí bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì tẹ́lẹ̀.

Ti pé kí wọ́n ka ìbéèrè fún ọmọ náà ńkọ́? Nínú ìṣirò, ọmọ tó bá nawọ́ sókè, wọ́n lè ka ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè fún un, ṣùgbọ́n wọn ò ní ka àmì ìṣirò fún un, ó yẹ kó mọ ìyẹn fúnra rẹ̀. Nínú reading, ẹ má retí pé wọ́n á ka ìtàn tàbí ìbéèrè fún un láéláé, ìtọ́ni iwájú ìwé nìkan ni wọ́n lè kà, torí kíkà gan-an ni wọ́n ń dán wò. Àwọn òbí kan máa ń bínú sí èyí, mo lóye wọn, ṣùgbọ́n lórí èyí mi ò bá ilé ìwé jà.

Àwọn tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, ẹ gbọ́ èyí náà. Nínú ìṣirò, wọ́n gbà kí èèyàn túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè tí ọmọ gbọ́. Wọ́n ti pè mí rí láti kíláàsì mìíràn torí ọmọ kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé kò tíì pẹ́, wọ́n kọ "fence" sínú ìbéèrè, ọmọ ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọgbà, ọgbà onígi. Ojú rẹ̀ là, ó ní "ẹn-ẹ́n!", ó ṣe ìṣirò náà lójú mi. Mi ò ràn án lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ kan yẹn lọ, mi ò sì gbọdọ̀ ràn án. Ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ yín bá gbọ́ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹ sọ fún wọn, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tíì jinlẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú, tí wọn ò bá mọ èyí tó jẹ́, ìrànlọ́wọ́ tí ò bá a mu ni wọ́n á fún un.

Ẹ tún rántí ti Year 4, ìdánwò ìlọ́po (times tables) tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹfà. Ìbéèrè 25, ìṣẹ́jú-àáyá 6 fún ìkọ̀ọ̀kan. Kò sí táìmù àfikún níbẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n fi bọ́tìnì kan síbẹ̀ tí ọmọ á máa tẹ̀ kí ìbéèrè tó kàn tó jáde, kó lè mí láàárín méjì, tàbí kí wọ́n yí àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà padà, tàbí kí ẹlòmíràn bá a tẹ nọ́ńbà tó bá pè. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó fi dánra wò kí ọjọ́ tó pé.

Àwọn ìbéèrè wá.

Màmá kan tó jókòó lẹ́yìn bi mí pé ṣé kì í ṣe ojúsàájú ni, pé ọmọ tòun tó ń sáré parí láàárín wákàtí kan, wọ́n wá fún ẹlòmíràn ní ju wákàtí kan lọ. Ìbéèrè gidi ni. Mo sọ fún wọn pé nígbà tá a wà lọ́mọdé tá à ń pọn omi, ẹni tí ilé rẹ̀ jìn sódò kì í délé pẹ̀lú ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò, tí wọ́n bá sì dé, omi kan náà ló wà nínú kòrọ́bà àwọn méjèèjì. Omi ni màmá wa fẹ́ fi sebẹ̀. Ohun tí SATs ń wò ni ṣé ọmọ lóye ohun tó kà. Òótọ́ ni pé ìyára wà nínú rẹ̀ díẹ̀, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìlà kan ń ná ní agbára tí ojú ewé kan ń ná ẹlòmíràn, ìyára kọ́ lo máa rí lórí pépà rẹ̀, òfìfo lásán lo máa rí.

Bàbá kan ní òun ti san owó gọbọi fún ẹni tó yẹ ọmọ òun wò níta, ó ti kọ ìwé pé dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà, ni, ṣé ó ti parí nìyẹn? Kò tíì parí, sà. Ẹ mú ìwé náà lọ fún SENCO, ó máa wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ìwé nìkan ò fúnni ní táìmù, ilé ìwé ṣì gbọ́dọ̀ fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí nínú kíláàsì. Ẹni tí ò sì lówó ìwé yẹn, ẹ má ronú, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń rí táìmù gbà láìní ìwé dókítà kankan. Òfin Equality Act ti ọdún 2010 wà lẹ́yìn ọmọ tó bá ní àbùkù ara tàbí ti ẹ̀kọ́, ilé ìwé gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu fún un.

Wọ́n tún bi mí bóyá ó máa kó bá a nígbà tó bá ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ni wọ́n ń sọ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì tí ọmọ máa lọ, SATs wá di oṣù karùn-ún, torí náà SATs ò lè gba ilé ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmì tó sì bá gbà, bákan náà ni wọ́n ń ka tiẹ̀ àti ti àwọn yòókù, wọ́n á yí àmì inú pépà padà sí òǹkà mìíràn tí wọ́n ń pè ní scaled score, 100 nínú òǹkà yẹn ni ibi tí wọ́n ní kí ọmọ dé, tó bá dé 100 ó ti dé e nìyẹn. Àwọn tó ń lé grammar school, ìyẹn sẹ́kọ́ńdìrì tó ń fi ìdánwò yan ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá Kent ní pàtàkì, tiyín yàtọ̀ o. Oṣù kẹsàn-án Year 6 gan-an ni ìdánwò yẹn máa ń wáyé, ìtọrọ táìmù rẹ̀ dá yàtọ̀ sí ti SATs, kí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó dé ni ẹ̀rí yín ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ìyẹn ni pé Year 5 ni iṣẹ́ yín. Ẹ má dúró kẹ́ ẹ máa sanwó lẹ́sìn (lesson) nìkan.

Nígbà tá a ti ń kó àga, bàbá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ní Àǹtí, bó ṣe ń ṣe ọmọ mi yìí, bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn nígbà tí mo wà ní Pírámárì, ẹgba ni wọ́n fi wò ó fún mi. Ó ní òun ò mọ bí òun á ṣe bẹ̀rẹ̀ ìmẹ́èlì yẹn. A jókòó sórí àga méjì tó kù, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ àti kíláàsì rẹ̀, kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta tí wọ́n rí nílé, kí wọ́n sì béèrè ọjọ́ tí àwọn lè wá rí SENCO. Wọ́n kọ ọ́ lórí fóònù wọn, wọ́n kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ránṣẹ́ ká tó kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ kọ tirẹ̀, tàbí tó ní lẹ́tà láti ilé ìwé tí ò yé e, mo máa wà nínú họ́ọ̀lù ní Sátidé tó ń bọ̀ láti aago 11 àárọ̀ sí aago 1. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ ọmọ náà dání, ẹ mú èyí tí ò parí.